Apá Ibo Ni Orí Ti Ń Fọ́ Yín?

"Ẹ bá mi wá oògùn ẹ̀fọ́rí." Ohun tí mò ń gbọ́ nìyẹn nídìí káńtà oògùn láti àárọ̀ títí di alẹ́. Èmi náà á béèrè pé apá ibo ló ti ń fọ́ yín. Àwọn kan á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di orí mú, àwọn mìíràn á fi ìka kan tọ́ka sí ẹ̀bátí. Ọwọ́ yẹn ń sọ nǹkan fún mi, àmọ́ àwọn èèyàn ti gbà á gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọpọlọ fúnra rẹ̀ kì í mọ ìrora. Awọ tó bò ó, iṣan ẹ̀jẹ̀, iṣan orí àti ti ọrùn ló ń dùn wá. Iṣan tó ń gbé ìrora iwájú orí, ojú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ sínú ọpọlọ máa ń pàdé èyí tó ti ọrùn wá. Ìdí nìyẹn tí ọrùn fi lè ní ìṣòro, kó jẹ́ pé iwájú orí ni a ti máa mọ̀ ọ́n lára.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ẹ̀fọ́rí tó ń fún orí yí po, bí ìgbà tí wọ́n bá we gèlè le mọ́ni lórí. Àárẹ̀, ìrònú àti àìsùn ló sábà ń fà á, kì í sì í dá iṣẹ́ dúró. (Gèlè gidi náà ń fa ẹ̀fọ́rí o, irun tí wọ́n dì le jù náà ń fà á. Ẹ tú u, bí kò bá lọ láàárín wákàtí kan, nǹkan mìíràn ni.)

Túúlu, tí àwọn kan ń pè ní akọ ẹ̀fọ́rí, yàtọ̀ sí ìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ kan ló sábà máa ń wà, á máa lù kì kì kì, èébì á máa gbé èèyàn, ìmọ́lẹ̀ àti ariwo á di ọ̀tá. Ó lè gba wákàtí mẹ́rin, ó sì lè gba ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn mìíràn á kọ́kọ́ rí nǹkan tó ń kọ mànà lójú kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó ń bá obìnrin jà ju ọkùnrin lọ, pàápàá nígbà nǹkan oṣù. Ebi náà máa ń ru ú sókè. Ọ̀pọ̀ tó ní in ló ń pè é ní kátá, torí pé iwájú orí ló ń dùn wọ́n, imú wọn sì ń ṣomi. Túúlu náà lè mú kí imú ṣomi. Bó bá jẹ́ kátá tó wọnú egungun ojú lóòótọ́, ikun imú á ki, á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ara lè gbóná, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á sì dùn béèyàn bá tẹ̀ ẹ́.

Èyí tó ń gún ẹ̀yìn ojú kan ṣoṣo, tí ojú yẹn ń pọ́n, tó ń ṣomi, tí ẹni náà kò lè jókòó sójú kan, kò wọ́pọ̀. Àmọ́ ó le gan-an, oògùn ọ̀dọ̀ wa kì í sì í ràn án.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ìpàkọ́. Bó bá ti ń dun èèyàn báyìí, "ẹ̀jẹ̀ ríru ni" ló máa tẹ̀ lé e. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọrùn ni: ẹrù orí, fóònù tí a tẹ orí ba láti òwúrọ̀, ìrọ̀rí tó ga jù. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fọ́ni lórí àfi tó bá ga gan-an, bíi 180/120 sókè. Ẹni tó ń bà mí lẹ́rù ni ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tó dá oògùn dúró, tó ní "orí kò kúkú fọ́ mi."

Bí ẹni tó ti lé ní 50 ọdún bá ní ẹ̀fọ́rí tuntun ní ẹ̀bátí, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dùn ún tó bá ń jẹun, kó má jáfara, ojú lè fọ́. Bí ara bá sì ń gbóná, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ibà kẹ́ ẹ tó lo oògùn ibà.

Oògùn náà lè di ẹ̀fọ́rí. Ẹni tó ń lo parasitamọ́ọ̀lù ní ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú oṣù, fún oṣù mẹ́ta ó lé, ó lè jẹ́ oògùn yẹn ló ń dá ẹ̀fọ́rí mìíràn sílẹ̀. Fún èyí tí wọ́n po káféènì mọ́, ọjọ́ 10 ti tó. Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá lò ó.

Bó bá sì jẹ́ gbogbo ilé ni orí ń fọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ pa jẹnẹrétọ̀, kí gbogbo yín bọ́ síta kíákíá, kẹ́ ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ. Èéfín rẹ̀ ń pani.

Ẹ̀fọ́rí tó dé lójijì, tó le dé góńgó láàárín ìṣẹ́jú kan. Èyí tí ọrùn le gan pẹ̀lú rẹ̀, tí ara ń gbóná. Èyí tí ẹnu wọ́, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ tàbí tí apá kan kú. Ti aláboyún tí oyún ti lé ní ọ̀sẹ̀ 20, tí ojú ń ṣe bàìbàì tàbí tí ara wú. Èyí tó tẹ̀ lé ìgbà téèyàn fi orí gbá nǹkan. Gbogbo ìwọ̀nyí, ilé ìwòsàn tààrà ni. Ẹ má yà lọ́dọ̀ mi.