Rev B ṣì ń jọba, rev C wà lọ́nà: bí a ṣe ń ka nọ́ńbà àti ipò ìwé

Ní ilé iṣẹ́ tó bá ń fi ìwé ìlànà ṣiṣẹ́, ìbéèrè méjì ló yẹ kí òṣìṣẹ́ rí ìdáhùn sí lójú ìwé kó tó fọwọ́ kan iṣẹ́. Èwo nìyí nínú gbogbo ẹ̀dà tí ìwé yìí ti ní? Ṣé wọ́n ti ní ká máa fi ṣiṣẹ́? Lẹ́tà tàbí nọ́ńbà ló ń dáhùn ti àkọ́kọ́, ipò ìwé ló ń dáhùn ti èkejì. Sọ́fítíwíà tí wọ́n ń pè ní document control, iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni pé kí ìdáhùn méjèèjì má ṣe sọnù, kí wọ́n má sì dàrú mọ́ ara wọn.

Ká fi ilé iṣẹ́ gàrí kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tó ń di gàrí sínú ọ̀rá fún àwọn ṣọ́ọ̀bù Èkó. Kíkan ni iyì gàrí Ìjẹ̀bú, iye ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n lọ bá sì lò nínú àpò ló ń mú kó kan. Nítorí náà, wọ́n kọ ìlànà iṣẹ́ ojú ewé méjì: ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ yóò lò nínú àpò, bí wọn yóò ṣe fi jáàkì fún omi rẹ̀, bí iná abẹ́ agbada yóò ṣe rí. Wọ́n fún ìwé náà ní nọ́ńbà tí kì í yí padà, ká pè é ní GI-07. Ohun tó ń yí ni lẹ́tà tó tẹ̀lé e: rev A, rev B, rev C. Ìkékúrú revision ni rev.

Àwọn ènìyàn máa ń fi revision pe version, wọ́n á sì fi version pe revision, ṣùgbọ́n nínú sọ́fítíwíà, ohun méjì ni wọ́n sábà máa ń kà. Ẹni tó ń bójú tó dídára ọjà ṣí GI-07 láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó sọ ọjọ́ mẹ́ta di mẹ́rin, ó tọ́jú fáìlì: version kan nìyẹn. Lọ́sàn-án ó tún ibi tí ó ti ṣì kọ ọ̀rọ̀ ṣe, ó tún tọ́jú rẹ̀: version mìíràn. Kò sí ìkankan nínú ìwọ̀nyí tó kan màmá tó jókòó ti agbada. Ìgbà tí wọ́n bá fọwọ́ sí i tí wọ́n sì gbé e jáde ni rev B di rev C. Télọ̀ tó ń rán aṣọ Ojúde Ọba lè tú ọrùn agbádá lẹ́ẹ̀mẹ́rin nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Èyí tí ẹgbẹ́ wọ̀ jáde nìkan ni aráyé rí. Version ni gbogbo títú àti rírán yẹn. Revision ni aṣọ tó jáde.

Lórí SharePoint, sọ́fítíwíà Microsoft tí wọ́n ń tọ́jú ìwé sí, ojú ló ń rí i. Tí wọ́n bá ti tan ètò draft níbẹ̀, ìyẹn ìwé tí wọ́n ṣì ń kọ lọ́wọ́, 0.1, 0.2, 0.3 ni ìwé á máa jẹ́ títí wọn yóò fi gbé e jáde, á wá di 1.0. Àtúnṣe tó bá tún bẹ̀rẹ̀ á di 1.1. Àwọn ẹnjiníà fẹ́ràn lẹ́tà ju nọ́ńbà lọ. Ẹni tó bá ń wo àwòrán ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ṣágámù lè rí i pé lẹ́yìn rev H, rev J ló kàn, kó rò pé wọ́n ti sọ ọ̀kan nù. Wọn kò sọ ohunkóhun nù. Ìlànà Y14.35 ti ASME, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà, kò lo I, O, Q, S, X àti Z, nítorí ojú lè ṣì wọ́n mú: I jọ 1, O jọ 0. Bí wọ́n bá sì dé Y, AA ló kàn.

Ó wá ku ipò, ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbẹgẹ́. Nígbà tí ìwé bá wà ní draft, ẹni tó ń kọ ọ́ lè yí i bó ṣe wù ú. Sọ́fítíwíà á tì í mọ́ ọn lọ́wọ́ kí ẹlòmíràn má baà máa tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá dé iwájú àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, òǹkọ̀wé gan-an kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Bí wọ́n bá dá a padà, draft ló padà sí, lẹ́tà rẹ̀ kò sì yí. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i tí wọ́n sì gbé e jáde, ó di released, sọ́fítíwíà á sì tì í pa. Ọ̀gá pátápátá kò lè wọlé lọ pa gbólóhùn kan rẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ àyípadà á kọ ìbéèrè fún un, wọ́n á ṣí draft tuntun.

Ohun tó sì máa ń rú àwọn ènìyàn lójú nìyí: bí wọ́n ti ṣí draft rev C, rev B kò tíì kú. Méjèèjì wà láàyè lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan ní released, èkejì ní draft, rev B ló sì ni àṣẹ. Ìfọwọ́sí nìkan kò tó láti gba àṣẹ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé yàtọ̀ sí ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n lè fọwọ́ sí rev C lónìí kí wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè rí àyè kọ́ àwọn tó ń di àpò. Lọ́jọ́ tí C bá bẹ̀rẹ̀ ni B di superseded, ìyẹn ni pé òmíràn ti rọ́pò rẹ̀. Obsolete tún yàtọ̀: ìyẹn ni bí ilé iṣẹ́ bá ra ẹ̀rọ ayangàrí, tí GI-07 lódindi kò sì wúlò mọ́.

Wọn kì í pa èyí tí wọ́n ti rọ́pò rẹ́. Bí oníbàárà bá kọ̀wé pé gàrí tí òun rà lóṣù mẹ́jọ sẹ́yìn kò kan, a ní láti mọ èwo nínú B àti C ni wọ́n fi ṣe é.

Ìṣẹ́jú kan ni sọ́fítíwíà fi ń sọ rev B di superseded. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ jáàkì kò gbọ́. Nítorí rẹ̀ ni ẹni tó ń ṣàkóso ìwé fi gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀ ibi tí gbogbo ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ wà, kó sì rìn débẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Mo wá gba ìwé àtijọ́.”

“Ṣé kì í ṣe ọ̀kan náà ni? Ọjọ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀.”

“Ó ti di mẹ́rin, mà. Ẹ wo lẹ́tà tó wà lókè yìí, C ni.”

ISO 9001 ti ọdún 2015, ìlànà àgbáyé lórí bí ilé iṣẹ́ ṣe ń bójú tó dídára iṣẹ́ rẹ̀, ní abala 7.5.3, fẹ́ kí ìwé wà níbi tí a ti nílò rẹ̀ nígbà tí a nílò rẹ̀, kí a sì ṣàkóso àyípadà inú rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ kan á kàn kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé pé bí ẹnikẹ́ni bá ti tẹ̀ ẹ́ jáde, kò sí lábẹ́ àkóso mọ́. Lójú tèmi, ọ̀lẹ nìyẹn, níbi tí kò bá sí kọ̀ǹpútà nítòsí agbada. Fọ́tò tí wọ́n yà tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp tún burú jù, nítorí kò sẹ́ni tó lè lọ gbà á padà.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilé iṣẹ́ kan ń ṣe èyí dáadáa, ẹ wo àpótí ìtàn àyípadà lójú ewé àkọ́kọ́. “Àtúnṣe díẹ̀” kò sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni. “Ọjọ́ inú àpò: 3 di 4, torí òtútù ìgbà òjò ń fa kíkan sẹ́yìn” ni ẹni tó bá gbaṣẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀ máa kà, kó tó ní kí wọ́n dá a padà sí mẹ́ta.