Bí Àkòrí Ìwádìí Lórí Kíkọ́ni ní Dùùrù Ṣe Ń Jáde

"Ipa dùùrù nínú ìdàgbàsókè ọmọdé." Irú àkòrí yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ oyè másítà máa ń kọ́kọ́ gbé lọ bá alábòójútó wọn, òun náà sì ni alábòójútó máa ń dá padà. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò ní ibi tí èèyàn lè dì mú. Ọmọdé wo? Ìdàgbàsókè wo? Kí ni wọ́n fẹ́ fi wọ̀n ọ́n?

Àkòrí tó ṣeé ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ara ohun kékeré kan tí ojú rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù, Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ kò sì ṣaláìní irú rẹ̀. Lẹ́yìn ogun Ìmágbọ̀n ọdún 1892, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá Ìjẹ̀bú jà, ni ẹ̀sìn Kristẹni ráyè tàn kálẹ̀ ní Ìjẹ̀bú. Lónìí, ẹni tó bá ń wá atẹdùùrù ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù kò ní rìn jìnnà. Púpọ̀ nínú wọn kò kọ́ ọ nínú ìwé: ẹ̀yìn ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n dúró sí, tí wọ́n ń wo ọwọ́ rẹ̀, tí wọ́n ń fi etí kó o.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà ìdánrawò akọrin. Tẹ́nọ̀ ń ráhùn pé orin ti lọ sílẹ̀ jù. Adarí ní kí wọ́n gbé e sókè díẹ̀. Atẹdùùrù kò yí ìka padà rárá. Ó tẹ bọ́tìnì transpose lẹ́ẹ̀mejì, ìka rẹ̀ ń bá kíì C (kíì ni ìró tí orin dúró lé) lọ bó ṣe wà, ohùn tó ń jáde nínú sípíkà sì ti di D. Orin ń lọ, inú kóówá dùn. Ẹ wá gbé atẹdùùrù yìí kan náà síwájú píánò onígi tí kò ní bọ́tìnì: ó lè má parí ẹsẹ kan.

Ibẹ̀ gan-an ni ìwádìí ti ń hù. Àwọn akọrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti mọ dò-rè-mí tipẹ́, ibi tí kíì bá sì lọ ni dò ń bá a lọ. Ṣé a lè fi kọ́ atẹdùùrù náà? "Lílo dò-rè-mí láti kọ́ àwọn atẹdùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìjẹ̀bú-Òde bí wọ́n ṣe ń yí kíì padà": àkòrí nìyẹn.

Òṣùwọ̀n ló kù. Wọ́n á gba orin sílẹ̀ kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó bá parí, àgbà atẹdùùrù méjì á sì fún un ní máàkì láìmọ èyí tó ṣáájú. Fún irú iṣẹ́ yìí, èèyàn mẹ́jọ tí a wò fínnífínní sàn ju ọgọ́rùn-ún tó kàn fi àmì sí ìwé ìbéèrè lọ, bí wọn kò tilẹ̀ lè ṣojú fún gbogbo Ìjẹ̀bú.

Ìwé kíkà náà ń tún àkòrí ṣe. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n kọ lórí kíkọ́ni ní píánò dá lórí ọmọ tó ní píánò nílé, tí olùkọ́ ń kọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìdánwò orin ABRSM ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ní ìpele mẹ́jọ, ń wo síkéèlì, kíka nóòtì lójú ẹsẹ̀ àti etí. Ẹni tó bá fi wọn atẹdùùrù tí kò ka nóòtì rí ti mọ èsì kó tó bẹ̀rẹ̀. Akin Euba (1935–2020), onímọ̀ orin ọmọ Nàìjíríà, gba ọ̀nà mìíràn: ó fẹ́ kí píánò máa dún bí ìlù àtàwọn ohun èlò orin ilẹ̀ wa, ó sì pè é ní African pianism. Ẹni tí ìlù bá wù lè wá àkòrí tirẹ̀ lọ síbẹ̀.

Kàlẹ́ńdà tún wà. Nígbà ìkórè àti Kérésì, atẹdùùrù kì í ráyè. Ní ọ̀sẹ̀ Ojúdè Ọba, lẹ́yìn Iléyá, kí olùwádìí má wulẹ̀ pe ẹnikẹ́ni ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bí atẹdùùrù kò bá tíì pé ọdún 18, òbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé, kí àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì sì mọ̀ sí i.

Kí àbá ìwádìí tó dé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ní yunifásítì, ó dáa kí wọ́n fi èèyàn méjì dán an wò fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí wọ́n bá ń pa ẹ̀kọ́ jẹ, kí olùwádìí gbé e sí ọjọ́ ìdánrawò akọrin, nígbà tí wọ́n á kúkú ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.