Oògùn tó ń ṣe bí ẹni pé a ò jẹun púpọ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìròyìn ń lọ kiri pé oògùn máa tó fún wa ní gbogbo èrè tó wà nínú jíjẹun níwọ̀n láì dín oúnjẹ kù rárá, ó sì ti da ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn rú.

Èrè wo ló tiẹ̀ wà níbẹ̀?
Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí CALERIE fi ọdún 2 wo èèyàn 218 tí wọn ò sanra jù. Wọ́n ní kí apá kan nínú wọn dín oúnjẹ kù ní ìdá 25 nínú 100, bíi ìdá 12 ni wọ́n lè dín, síbẹ̀ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn àti kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù burúkú, ìyẹn ọ̀rá burúkú inú ẹ̀jẹ̀, wálẹ̀.

Báwo loògùn ṣe fẹ́ ṣe irú ẹ̀?
Ibí gan-an ló dùn mọ́ mi jù. Nǹkan kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn nǹkan tíntìntín tó para pọ̀ di ara wa, mTOR ni wọ́n ń pe nǹkan náà, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa wò bóyá oúnjẹ ti dé. Tó bá rí oúnjẹ, á ní kí sẹ́ẹ̀lì máa dàgbà kó máa pọ̀ sí i, tóúnjẹ bá wọ́n, iṣẹ́ yẹn á dúró, sẹ́ẹ̀lì á wá máa gbálẹ̀ inú ara ẹ̀, èyí tó ti gbó tó ti bàjẹ́ ló máa tú palẹ̀ tó máa tún lò. Oògùn kan tó ń jẹ́ rapamycin ló ń di mTOR lọ́wọ́, kódà téèyàn bá yó, sẹ́ẹ̀lì á rò pé oúnjẹ ò sí.

Ibo ni rapamycin ti wá?
Lára bakitéríà inú iyẹ̀pẹ̀ erékùṣù Rapa Nui, ibẹ̀ ló ti rórúkọ.

Ṣé ó ṣiṣẹ́?
Lára eku, bẹ́ẹ̀ ni. Ní 2009, eku tó ti pé ọjọ́ 600, tó ti ń darúgbó, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún, ẹ̀mí wọn ṣì gùn sí i. Kò tíì sí ìwádìí tó fi hàn pé ó ń mú ẹ̀mí èèyàn gùn.

Ṣé kí n wá a rà?
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á. Àwọn tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún ló ń lò ó kí ara wọn má bàa kọ kíndìnrín tuntun, ìyẹn ni pé agbára tí ara fi ń bá àrùn jà ló ń dín kù. Ó lè dá egbò sẹ́nu, ọgbẹ́ kì í tètè jinná, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sì lè lọ sókè, bẹ́ẹ̀ ṣúgà tó wálẹ̀ lèèyàn ń wá tó fi ń dín oúnjẹ kù.

Metformin tí mò ń lò fún ìtọ̀ ṣúgà ńkọ́?
Òun náà wà lára oògùn tí wọ́n ń sọ pé ó ń ṣe bí ẹni pé a ò jẹun púpọ̀. Ẹ máa lò ó lọ, ẹ má sì fún ẹlòmíì nínú ẹ̀. Ní 2019, àwọn àgbàlagbà tára wọn dá tí wọ́n ń lò ó pẹ̀lú eré ìdárayá, iṣan wọn ò tóbi tó ti àwọn tí ò lò ó.

Ṣé kí n kúkú dín oúnjẹ kù fúnra mi?
Ẹni tára ẹ̀ le lè dín in díẹ̀díẹ̀. Aláboyún, ọmọdé, àgbàlagbà tó ti ń rù, ẹ má dán an wò. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin fún ìtọ̀ ṣúgà, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà, torí ṣúgà lè já wálẹ̀ lójijì: ara á máa gbọ̀n, òógùn á bò yín, ojú á máa ṣú.