Ọjọ́ Méjì ní Àgbádárìgì: Èwo Ni Kí Ẹ Lọ, Èwo Ni Kí Ẹ Fi Sílẹ̀?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tí ó fẹ́ wá lo ìsinmi kúkúrú ní Àgbádárìgì kì í ṣàì bi mí lórí fóònù: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọjọ́ méjì péré ni a ní, ṣé a lè rí gbogbo rẹ̀?" Èsì mi kì í yí padà. Ẹ lè fi ẹsẹ̀ tẹ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí i. Iṣẹ́ mímú àlejò yí ìlú ká ni mo ń ṣe, mo sì ti rí ọ̀pọ̀ ẹbí tí wọ́n sáré wọ ibi méje láàárín ọjọ́ kan, tí wọ́n ya fọ́tò níwájú ògiri méje, tí ó sì jẹ́ pé nígbà tí wọ́n ń wọ mọ́tò padà, ọmọ wọn ń béèrè bóyá inú ilé oníṣòwò ẹrú ni Àjàyí Crowther, míṣọ́nnárì nì, ń gbé. Ọmọ náà kò jẹ̀bi. Àwa tí a to ìrìn náà bẹ́ẹ̀ ni a lú ìtàn pọ̀ mọ́ ara wọn fún un.

Ohun tí ó ń tan àlejò jẹ ni pé àwọn ibi àbẹ̀wò ìlú yìí sún mọ́ ara wọn. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a mọ̀ sí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà ní Mẹ̀ríìnà, ó kọjú sí ọ̀sà. Músíọ̀mù ìjọba, tí ó wà nínú ilé tí àwọn òyìnbó amúnisìn kọ́ ní 1863, kò jìnnà sí i. Ilé Seriki Abass, oníṣòwò ẹrú ayé àtijọ́, ilé ìdílé Mobee àti Vlekete tí í ṣe ọjà ẹrú àtijọ́ náà kò ju ibi tí kẹ̀kẹ́ Márúwá lè gbé yín dé láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹni tí ó bá wo máàpù yóò rò pé òwúrọ̀ kan ti tó. Ibi kan ṣoṣo ni kò bá wọn tò, òun ni erékùṣù Gberefu, tí ó wà láàárín ọ̀sà àti òkun ńlá, tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni àlejò ń wọ̀ dé ibẹ̀ láti Mẹ̀ríìnà. Nítorí náà, omi ni ó ń pín ọjọ́ ní Àgbádárìgì. Ẹ kọ́kọ́ pinnu ìgbà tí ẹ máa sọdá, kí ẹ tó pinnu ohunkóhun mìíràn.

Bí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì bá ti gbéra ní èbúté, kì í pẹ́ lórí ọ̀sà rárá. Ìrìn tí ó wà níwájú ni àwọn ènìyàn kì í kà mọ́ ọn. Láti ibi tí ọkọ̀ yóò já yín sí, ẹ máa fi nǹkan bí ìdajì wákàtí rìn lórí iyanrìn kí ẹ tó dé etí òkun, níbi tí wọ́n sọ lórúkọ òyìnbó ní Point of No Return, tí èmi máa ń pè ní ibi àlọ-àìbọ̀ fún àwọn àgbàlagbà tí mo bá mú lọ. Ojú ọ̀nà yìí ni wọ́n kó àwọn ẹrú gbà lọ sínú ọkọ̀ tí yóò gbé wọn dé Brazil àti àwọn ilẹ̀ mìíràn ní òkè òkun. Kànga kan wà lójú ọ̀nà náà tí ìtàn ìlú sọ pé wọ́n máa ń fún wọn mu nínú omi rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Iyanrìn ibẹ̀ rọ̀, ó ń gbé ẹsẹ̀ mì, bí oòrùn bá sì ti mú, ìrìn ìdajì wákàtí lè di ti wákàtí kan fún ẹni tí orúnkún ń dùn. Ìdí nìyí tí mo fi ń gba àlejò níyànjú pé kí wọ́n sọdá ní nǹkan bí aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án àárọ̀, nígbà tí iyanrìn ṣì tutù, tí atẹ́gùn ọ̀sán kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ru ọ̀sà.

Ẹ dúnàádúrà owó àlọ àti àbọ̀ pọ̀ kí ẹ tó gbẹ́sẹ̀ sínú ọkọ̀. Ibi àlọ-àìbọ̀ ni ẹ ń lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ní láti bọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọkọ̀ náà gbéra títí olúkúlùkù yóò fi wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì tí ìdè rẹ̀ pé, kí ti ọmọdé sì jẹ́ ìwọ̀n ọmọdé. Bí awakọ̀ bá ní "kò jìn, ẹ jẹ́ ká máa lọ," ẹ jẹ́ kí òun máa lọ, kí ẹ wọ ọkọ̀ mìíràn. Bí ẹ bá sì dé etí òkun, ẹ má ṣe wẹ̀ níbẹ̀, nítorí òkun apá ibẹ̀ máa ń fa ènìyàn láti ìsàlẹ̀, kódà nígbà tí ojú rẹ̀ bá dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ àárọ̀ kùtù yìí mú ìṣòro kan wá, òun ni mo sì kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo ìpinnu tí ẹ máa ṣe. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé Gberefu láìtíì rí ibi tí wọ́n ń kó ẹrú pamọ́ sí, iyanrìn, igi àgbọn àti òkun ni yóò rí. Ilé Seriki Abass ni ó ń fún erékùṣù náà ní ìtumọ̀. Yàrá 40 ni wọ́n ní ó wà nínú ọgbà náà láyé ìjọsí, pé ẹrú 40 ni wọ́n sì ń tì mọ́ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń han àlejò lónìí. Ẹ wọ inú ọ̀kan pẹ̀lú àwọn tí ẹ jọ wá, kí ẹ wo bí fèrèsé rẹ̀ ti kéré tó, kí ẹ sì gbìyànjú láti ka ènìyàn 40 sínú rẹ̀. Nínú àwọn tí mo ń mú lọ, mẹ́wàá kì í tíì wọlé tán tí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà á ti máa sọ pé kò sí àyè mọ́. Àwọn tí ń mú ni yí ilé náà ká yóò fi agboòrùn kan hàn yín, wọn yóò sì sọ pé ẹrú 40 ni wọ́n fi ń pààrọ̀ irú rẹ̀. Ìtàn ẹnu ni, bí ìtàn ẹnu ni kí ẹ sì ṣe gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n pé ọtí, ìbọn, aṣọ àti irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ra ènìyàn ní etíkun yìí, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Èmi fúnra mi ti ṣe àṣìṣe lórí ètò yìí rí. Ẹbí kan wá láti Ìkòròdú, ìran mẹ́ta pọ̀, ìyá àgbà wọn sì ti lé ní 70 ọdún. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà kò jẹ́ kí wọ́n tètè dé. Ó ti ń lọ sí aago méjìlá ọ̀sán. Ẹ̀rù atẹ́gùn ọ̀sán bà mí, mo sì kó wọn sínú ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀, pé tí a bá dé a ó wo ìyókù. Ìyá rìn dé ìdí kànga, ó jókòó sábẹ́ igi àgbọn pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan, kò sì lè lọ mọ́. Nígbà tí a padà bá wọn, ó bi mí pé, "Ọmọ mi, níbo ni wọ́n ti ń kó wọn bọ̀ gan-an kí wọ́n tó rìn dé ibí?" Mo sọ ọ́ fún un nínú ọkọ̀ bí mo ti lè sọ ọ́ mọ. Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó dé Mẹ̀ríìnà, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn ilé Seriki Abass, ẹbí náà sì padà sílé láìrí ilé tí ìbá dá a lóhùn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ìbá sì gbé e dé láìní wàhálà.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń pín in báyìí. Ẹni tí ó bá ní ọjọ́ méjì, kí ó dé ní ọ̀sán ọjọ́ kìíní, kí ó lọ sí ilé Seriki Abass ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oòrùn ti rọ̀, kí ó sùn sí ìlú, kí ó sì sọdá sí Gberefu ní kùtù ọjọ́ kejì. Ẹni tí ọjọ́ kan péré bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó jí kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ilé Seriki Abass jẹ́ ibi àkọ́kọ́ tí yóò wọ̀, kí ó sì ti wà lórí ọ̀sà kí aago tó lu mọ́kànlá. Bí ó bá dé lẹ́yìn aago méjìlá, kí ó fi erékùṣù sílẹ̀ pátápátá, ohun yòówù kí àwọn ọmọ máa sọ. Àwọn àgbà tí kò lè rin iyanrìn kò pàdánù kókó ìtàn bí wọ́n bá dúró sí ìhà ìlú.

Ibi kejì tí n kò ní gbà kí ẹ fò ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́. Ìtàn ìlú ní 1845 ni àwọn míṣọ́nnárì parí rẹ̀, pé Àjàyí Crowther sì gbé inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ síbẹ̀ nítorí orúkọ "àkọ́kọ́" yẹn, wọ́n sì ń jáde pẹ̀lú ìjákulẹ̀, nítorí ilé náà kò tóbi, kò sì ní ọ̀ṣọ́. Ẹ má ṣe wo àjà rẹ̀ nìkan. Ní oṣù Kìíní 1845 ni Crowther pẹ̀lú àwọn míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ rẹ̀, Henry Townsend àti Gollmer, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, wọ́n fẹ́ lọ sí Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, tí ó yẹ kí ó gbà wọ́n lálejò ti kú, ọ̀nà sì dí nítorí ogun. Ó lé ní ọdún kan tí wọ́n fi dúró síbí kí wọ́n tó ráyè wọ Abẹ́òkúta ní 1846. Wọ́n ti kó Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821 nígbà tí kò tíì ju ọmọdé lọ, àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì gbà á kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú ní 1822. Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Seriki Abass, ọmọ Ìjòga-Orílẹ̀, tí wọ́n kó lẹ́rú ní kékeré bákan náà, tí ó dé Brazil, tí ó padà wá di oníṣòwò ẹrú àti olóyè ńlá ní ìlú yìí kan náà, kí ó tó kú ní 1919. Ọmọ Yorùbá méjì tí wọ́n tà, tí àwọn méjèèjì padà dé etí ọ̀sà kan ṣoṣo, tí ilé àwọn méjèèjì kò sì jìnnà síra wọn. Bí ó bá jẹ́ pé wákàtí mẹ́ta péré ni ẹ ní ní Àgbádárìgì, ilé méjì yìí ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ sì máa lọ sílé.

Ní ti àwọn ìyókù, n kò ní fi àkókò yín ṣòfò. Ìdí igi Àgíà ni wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù ìhìnrere ní ilẹ̀ yìí ní 1842, ṣùgbọ́n igi náà ti wó láti 1959, ère ìrántí ni ó kù. Bí ẹ kò bá jẹ́ ẹgbẹ́ ìjọ tí ó wá fún ìrántí, ẹ lè wò ó láti inú mọ́tò. Ní ọjà Vlekete, ẹ máa rí 1502 gẹ́gẹ́ bí ọdún tí wọ́n dá ọjà ẹrú náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ìtàn tí ó ti ṣèwádìí ìlú yìí gbà pé inú ọ̀rúndún 18 ni Àgbádárìgì di èbúté ẹrú ńlá, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kọ 1502 sínú ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá láìbéèrè. Láàárín ilé Mobee àti músíọ̀mù, ẹ mú ọ̀kan. Ilé Mobee kéré, ṣùgbọ́n ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti ìdè tí wọ́n fi sí ẹrú lára wà níbẹ̀, irin gidi tí ó wúwo. Músíọ̀mù dára fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ràn láti dúró kàwé lára ògiri. Èmi ìbá mú ilé Mobee.

Bí ẹ bá ń mú ọmọ tí kò tíì tó ọdún mẹ́jọ bọ̀, ẹ má ṣe kó o wọ gbogbo yàrá ẹrú. Yàrá kan ti tó o. Ẹ ya ìdajì ọjọ́ sọ́tọ̀ fún un ní etíkun Suntan lójú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀, kí ó fi iyanrìn kọ́lé, kí ó mu omi àgbọn. Bí wọ́n bá fún un ní eré tirẹ̀, yóò fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn tiyín.

Ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì ni ó ń jẹ ìsinmi kúkúrú lọ́wọ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ń bọ̀ láti Erékùṣù Èkó lè wọ ọkọ̀ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023 láti Mẹ̀ríìnà ti Èkó dé Mile 2, kí ó sì wọ bọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ẹni tí ó ń wa mọ́tò tirẹ̀, kí ó fi wákàtí méjì sílẹ̀ ní ìkéré tán láti Mile 2, kí ìwé mọ́tò sì pé, nítorí ọ̀nà ẹnubodè ni, àwọn aṣọ́bodè àti ọlọ́pàá wà lójú rẹ̀ dáadáa. Ẹ mú owó bébà dání fún owó ìwọlé àti fún ọlọ́kọ̀, torí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kì í gbọ́ràn nígbà gbogbo létí omi.

Ní oṣù Kẹfà àti Keje, òjò lè ba ètò jẹ́. Ẹ pe ẹni tí yóò mú yín yí ìlú ká ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, kí ẹ béèrè bí ọ̀sà ti rí. Bí ẹ bá jí tí òjò ń rọ̀ tí ìjì sì ń jà, ẹ má ṣe dúró sí èbúté máa retí pé yóò dá. Ẹ yí ọjọ́ náà padà, ẹ lọ sí músíọ̀mù tí ẹ ti fi sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ wọ ilé Seriki Abass lẹ́yìn rẹ̀, kí Gberefu di ti ìsinmi mìíràn.