Kí ló dé tí ẹ̀rọ kan á fi kú lọ́nà jíjìn, tí Iléṣà á sì ṣókùnkùn?

Iṣẹ́ wáyà ni mò ń ṣe ní Iléṣà. Bí iná bá ti lọ tó wákàtí mẹ́ta tí kò dé, fóònù mi kì í sinmi mọ́. Ẹlòmíràn á ní kí n wá wo mítà òun, bóyá ó ti jóná. Ẹlòmíràn kàn fẹ́ mọ ibi tí iná gbà lọ ni. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù nìyí, pẹ̀lú ìdáhùn tí mo máa ń fún wọn.

Wọ́n ní gírìdì wó lulẹ̀. Kí ló wó gan-an? Ṣé òpó ni?

Rárá o. Gírìdì ni gbogbo ẹ̀rọ amúnáwá àti wáyà tí wọ́n so pọ̀ láti gbé iná káàkiri Nàìjíríà. Lọ́pọ̀ ìgbà, gbogbo òpó wà lórí ìdúró, wáyà kankan kò sì já. Ohun tó túká ni àjọṣe àwọn ẹ̀rọ tó ń pèsè iná.

Ẹ wo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata àti àgbàdo lọ́jà Àtákúnmọ̀sà. Bí wọ́n bá ń da àgbàdo sí i díẹ̀díẹ̀, ohùn rẹ̀ á máa lọ geere. Kí ẹnì kan ṣèèṣì da odindi igbá kan sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó gbọ́ bí ohùn náà ṣe máa rẹlẹ̀, tí gbogbo ara ẹ̀rọ á máa gbọ̀n. Ọmọ tó dúró tì í á yára na ọwọ́ sí wáyà epo, á fà á kí ẹ̀rọ lè rí agbára kún agbára. Bí àgbàdo bá sì tán lójijì tí kò tètè dẹ wáyà náà, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í sá eré àsápajúdé. Gbogbo iṣẹ́ ọmọ yẹn ni pé kí ohùn ẹ̀rọ má rẹlẹ̀, kí ó má sì han jù.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tó ń fún Nàìjíríà ní iná. Omi ló ń yí ti Kainji, Jebba àti Shiroro; gáàsì ló ń yí ti Egbin l'Ékòó àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù. Wọ́n so gbogbo wọn mọ́ra, gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ máa yí ní ìṣísẹ̀ kan náà: kí iná máa lọ kó máa bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Iná tí à ń lò nílé, ní ṣọ́ọ̀bù àti níléeṣẹ́ ni àgbàdo tí wọ́n ń dà sí i. Iná inú wáyà kò sì ṣeé bù pamọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì bí epo pupa. Iye tí wọ́n ń pèsè gbọ́dọ̀ bá iye tí à ń lò dọ́gba lójú ẹsẹ̀, tọ̀sán tòru.

Wàyí o, ká ní gáàsì dédé dínkù ní ibùdó kan, tí ẹ̀rọ ibẹ̀ kú. Ẹrù tó ń gbé á bọ́ sórí àwọn tó kù, yíyí gbogbo wọn á dẹ̀. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sì ní ohun tó ń ṣọ́ ọ kó má bàa bàjẹ́: bí yíyí rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ, á já ara rẹ̀ kúrò lórí wáyà. Èyí kejì á já, ẹrù á wúwo lórí ẹ̀kẹta, òun náà á já. Ẹni tó bá ti bá wọn gbé ìtí igi rí mọ̀ pé bí ẹnì kan bá ju tiẹ̀ sílẹ̀, èjìká àwọn yòókù kò ní í gbà á mọ́. Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, Ìsọkún kò ní iná, Èkó kò ní, Kánò kò ní. Lọ́dún 2024 nìkan, ó ṣẹlẹ̀ ju ìgbà mẹ́wàá lọ.

Kí ló dé tí kì í tètè padà dé?

Nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ amúnáwá ńlá nílò iná kí wọ́n tó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Iná ló ń yí fáànù wọn àti pọ́ǹpù wọn. Àwọn tí omi ń yí ló sábà máa ń rọrùn láti kọ́kọ́ jí, wọ́n á wá ti ibẹ̀ fi iná ran àwọn yòókù, díẹ̀díẹ̀, ìlú dé ìlú. Bí wọ́n bá kánjú fi ìlú tó pọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan, á tún wó.

Ta ló dúró ti ẹ̀rọ náà bí ọmọ tó ń lọ àgbàdo yẹn?

Ó ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu bí mo bá sọ fún wọn pé Òṣogbo ni, níbí, nínú ìpínlẹ̀ wa. Ibẹ̀ ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà wà. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló ń sọ fún ibùdó kan pé kó fi kún un, fún òmíràn pé kó dín in kù. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gidigidi, torí iṣẹ́ tí ojú gbọ́dọ̀ tó, etí gbọ́dọ̀ tó, ni wọ́n ń ṣe, irinṣẹ́ wọn kò sì tó.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ sísọ gírìdì di ìgbàlódé ti wọlé. Bí àwọn èèyàn bá gbọ́ ọ, ibùdó amúnáwá tuntun ni wọ́n ń rò. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, lórí ìwé, lè pèsè nǹkan bíi mẹ́gáwáàtì 13,000. Èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ wa sábà máa ń wà láàárín 4,000 sí 5,000, fún èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 200. Gáàsì kò tó, àwọn kan nínú ẹ̀rọ náà ti dẹnu kọlẹ̀, wáyà àti transfọ́mà tó yẹ kó gbé iná lọ kò sì lè gba gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá kọ́ ibùdó tuntun mẹ́wàá sórí irú wáyà yìí, wàhálà lẹ fi kún.

Ohun àkọ́kọ́ tí èmi máa náwó lé lórí ni ojú. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní SCADA: ẹ̀rọ tó ń jẹ́ kí ẹni tó jókòó l'Óṣogbo rí gbogbo ibùdó àti gbogbo wáyà lójú ẹsẹ̀, láìsí pé ó ń tẹ ibùdó kọ̀ọ̀kan láago. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é bọ̀. Èkejì ni ẹ̀rọ ìpamọ́, èyí tó ń yí sílẹ̀ láìgbé ẹrù tó pọ̀, tó jẹ́ pé bí ọ̀kan bá ṣubú, òun á gbà á lójú ẹsẹ̀. Bátìrì ńláńlá lè ṣe iṣẹ́ yìí báyìí, ó sì yá ju ẹ̀rọ gáàsì lọ. Ẹ̀kẹta ni kí ọ̀nà tó wọ ìlú kan ju ẹyọ kan lọ, kí wáyà kan má bàa mú gbogbo ìlú lọ bó bá já. Ní oṣù Keje ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ bá Siemens ti Jámánì tọwọ́ bọ̀wé láti tún wáyà àti transfọ́mà ṣe. Ọ̀nà tó tọ́ nìyẹn, ó kàn lọ́ra ju bí ìnira wa ṣe ń yára lọ ni.

A ní epo rọ̀bì nílẹ̀. Kí ló dé tí a tún fi ń ra epo lọ́wọ́ òkèèrè?

Ìbéèrè tó máa ń dùn mí jù nìyí. Ọdún 1956 ni wọ́n rí epo rọ̀bì ní Oloibiri. Ìjọba kọ́ iléeṣẹ́ ìfọpo sí Port Harcourt, Warri àti Kaduna, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣiṣẹ́ mọ́. La bá ń gbé epo rọ̀bì lọ sókè òkun, a sì ń ra bẹtiróò padà láti àwọn orílẹ̀-èdè bíi Netherlands àti Belgium.

Níbo wá ni bẹtiróò yẹn ń lọ? Mọ́tò ń mu ún, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ rìn gba àdúgbò yín kọjá ní aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ tí kò bá sí iná, kí ẹ fetí sí ariwo jẹnẹrétọ̀. Torí pé gírìdì kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, olúkúlùkù ti di Nẹ́pà ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé àìsàn kan náà ni gírìdì tí kò lágbára àti epo òkèèrè. Ẹni tó bá tún wáyà Òṣogbo ṣe, ó ti dín epo tí Iléṣà ń rà kù.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, iléeṣẹ́ ìfọpo Dangote ní Lekki, tó lè fọ àgbá 650,000 lójúmọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í ta bẹtiróò. Inú mi dùn sí i. Àmọ́ iye tí ayé ń ta epo rọ̀bì ni òun náà ń tẹ̀ lé. Kódà ó ti ra epo rọ̀bì láti Amẹ́ríkà. Epo náà ti sún mọ́ wa, dọ́là ló ṣì ń pinnu owó rẹ̀.

Èwo ló gbówó lórí jù, iná Band A tàbí jẹnẹrétọ̀?

Ìyá ẹlẹ́ja kan tí mo ń ṣiṣẹ́ fún lọ́jà bi mí léyìí ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, nígbà tí yúníìtì kan fún àwọn oní-Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí ogún lójúmọ́ fún, di náírà 225. Ó ń bínú, kò sì jẹ̀bi, torí nǹkan bíi náírà 68 ló wà tẹ́lẹ̀. Ó ṣí fírísà, ó fi àtàǹpàkò tẹ ikùn ẹja títúsì kan. Ibi tó tẹ̀ kò dìde padà. "Ọmọ mi," ó ní, "èyí ti di ẹja ẹ̀dínwó."

A jókòó, a ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn ìwé tó fi ń kọ gbèsè. Lítà bẹtiróò kan nínú jẹnẹrétọ̀ kékeré rẹ̀ kò lè mú ju yúníìtì kan sí kan àtààbọ̀ wá. Ooru àti ariwo ló ń jẹ èyí tó kù. Ká ní lítà jẹ́ náírà 1,000, yúníìtì kan ti di nǹkan bíi náírà 670 ó kéré tán, láìka ọ́ìlì àti owó atúnṣe. Ìyá ẹlẹ́ja dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá bi mí pé, "Ṣé wákàtí ogún tí wọ́n ní àwọn máa fún wa, ṣé wọ́n á fún wa lóòótọ́?"

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Iná olówó iyebíye tó ń dé déédéé ṣì sàn ju jẹnẹrétọ̀ lọ. Bí kò bá dé déédéé, méjèèjì lẹ máa san. Ti àwọn tí kò ní mítà tún burú jù, wọ́n sì ṣì pọ̀ ju àwọn tó ní in lọ lọ́dún 2024.

Ṣé kí n kúkú ra sólà?

Bí agbára bá ká a, bẹ́ẹ̀ ni, fún gílóòbù, fáànù, tẹlifíṣọ̀n àti fírísà kan. Òkèèrè ni páńẹ́lì tó ń gba oòrùn àti bátìrì ti ń wá, Ṣáínà pàápàá, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa rà á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Oòrùn kò ní í fowó lé owó. Ẹ má gbàgbé pé lóṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, ojú ọ̀run Ìjẹ̀ṣà lè ṣú fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Wẹ́dà tó ń fi iná jó irin pọ̀ kò lè fi sólà ilé lásán jẹun.

Ohun tó wù mí jù ni kí sólà àdúgbò, bátìrì àti gáàsì para pọ̀ di gírìdì kékeré tó lè dá dúró nígbà tí ti ńlá bá wó. Òfin iná mànàmáná ti ọdún 2023 ti ṣí ọ̀nà fún ìpínlẹ̀ láti máa darí iná tiwọn. Àwọn aládùúgbò wa, Èkìtì àti Oǹdó, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba àṣẹ náà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀.

Òjò ń rọ̀. Ṣé mo lè gbé jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, rárá. Èéfín olóró inú rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa odindi ìdílé lójú oorun.

Kí ni èmi fúnra mi lè ṣe sí i?

Ẹ kò lè tún Òṣogbo ṣe láti ilé yín, ṣùgbọ́n transfọ́mà àdúgbò wà lọ́wọ́ yín. Bí iná bá dé lẹ́yìn ọjọ́ méjì, tí àwọn ọmọ pariwo "Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!", gbogbo fírísà tó ti gbóná, gbogbo áyọ́ọ̀nù, gbogbo pọ́ǹpù omi á jí lẹ́ẹ̀kan náà. Odindi igbá àgbàdo tí wọ́n dà sí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Fíúùsì transfọ́mà á já, ẹ ó sì tún wà nínú òkùnkùn fún ọjọ́ mìíràn, nígbà tí iná ti wà lórí wáyà ńlá. Bí iná bá ti lọ, ẹ pa ohun tó ń jẹ iná jù. Bó bá dé, ẹ jẹ́ kó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹ tó tan fírísà, kí ẹ sì sọ fún ará ilé kejì pé kí òun náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá ẹlẹ́ja ti kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà.