Ohun tó ń fa ilé-iṣẹ́ wá sí ẹ̀yìn odi Ìbàdàn

Ẹni tó bá ń wá ibi tí yóò kọ́ ilé-iṣẹ́ sí kì í fi ọ̀rọ̀ ẹ̀dínwó owó-orí ṣáájú. Ilẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wá. Ilẹ̀ ti há ní Ìkẹjà àti Àpápá, owó èyí tó kù sì kọjá àfẹnusọ. Ìbàdàn kò jìnnà sí Èkó ju nǹkan bíi 130 kìlómítà lọ, ilẹ̀ gbalasa sì ṣì wà lápá Mọ́níyà àti Akínyẹlé.

Òfin Lílo Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Bí ìjọba bá fẹ́ ya apá kan sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́, yóò kéde pé òun gbà á fún ànfààní ará ìlú, yóò sì san owó gbà-má-bínú. Ibí gan-an lọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú. Ohun tó wà lórí ilẹ̀ ni òfin ní kí wọ́n sanwó fún ní pàtàkì: ilé, igi kòkó, ọ̀pẹ, kànga. Iye tí ilẹ̀ náà ń lọ lọ́jà kò sí nínú ìṣirò. Ẹbí tó gba owó igi kòkó lónìí, tó wá rí i lọ́la tí wọ́n ń pín ilẹ̀ bàbá ńlá rẹ̀ ní pulọ́ọ̀tì pulọ́ọ̀tì fún olówó, inú rẹ̀ kò lè dùn, ó sì lẹ́tọ̀ọ́. Lọ́jọ́ tí katapílà bá wọlẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ á ti dúró dè é. Wọ́n á gba owó ìpìlẹ̀. Bí ilé bá kan dẹ́kìn, wọ́n á tún dé. Bí wọ́n bá fẹ́ kanlé, wọ́n á tún béèrè. Ìjọba tó bá jókòó ti àwọn ẹbí títí ọ̀rọ̀ fi yanjú, kí awọnlẹ̀ tó ri òkúta ààlà, ti ṣe iṣẹ́ tó nira jù nínú gbogbo ètò yìí.

Lẹ́yìn ilẹ̀, iná. Bí iná bá lọ lójijì níbi tí wọ́n ti ń ṣe ike, ike tó ti yọ́ á dì sínú ẹ̀rọ, òṣìṣẹ́ á sì máa ha á kúrò kí iṣẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀. Òfin iná mànàmáná ọdún 2023 ti fún àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti ṣètò iná tiwọn.

Ohun tí Èkó kò lè bá Ìbàdàn dù ni oko. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá wú lónìí, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni inú rẹ̀ á ti máa dúdú. Ẹni tó bá ń sọ ẹ̀gẹ́ di fùláwà gbọ́dọ̀ wà nítòsí oko Ìdó, Ọ̀yọ́ àti Ìṣẹ́yìn. Ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA, tó ń ṣèwádìí lórí ẹ̀gẹ́, ti wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1967.

Ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157, tí wọ́n ṣí ní 2021, dé Mọ́níyà. Ẹrù tó bá gba orí irin bọ́ lọ́wọ́ gosiló ọ̀nà márosẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ibùdókọ̀ ojú irin dé ẹnu géètì ilé-iṣẹ́, tírélà ni yóò gbé e. Bí ọ̀nà kékeré yẹn bá di ẹrẹ̀ lásìkò òjò, èrè ojú irin ti bá ẹrẹ̀ lọ.

Ẹ̀dínwó owó-orí ló wá kẹ́yìn. Ó wúlò, àmọ́ ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tuntun kì í tètè jèrè, owó-orí lórí èrè kò sì tíì kàn wọ́n. Èyí tó ń dùn wọ́n ni owó tíkẹ́ẹ̀tì: wọ́n gba ti ìjọba ìbílẹ̀, ẹlòmíràn tún dá lọ́rì dúró níwájú. Ó yẹ kí gbogbo owó wọ̀nyí wà lórí ìwé kan ṣoṣo, kí iye rẹ̀ hàn kedere kí ilé-iṣẹ́ tó dé. Oníléeṣẹ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn kì í gba ìlérí gbọ́ títí yóò fi pe ẹni tó ti wà níbẹ̀ lórí fóònù, tí yóò bi í pé: "Ṣé wọ́n ń jẹ́ kẹ́ ẹ ṣiṣẹ́?"