Bí àyè tó wà láàárín èèyàn méjì ṣe ń ṣiṣẹ́ lókè òkun, àti ọ̀rọ̀ aṣọ náà

Ẹni tó bá ti wọ kọ̀rọ̀pẹ́ láti Ọláìyá lọ sí Òkè-Fìà nílùú Òṣogbo rí á mọ̀ pé nínú mọ́tò yẹn, orúnkún ẹnìkan á máa kan ti ẹnìkejì, báàgì ìyá olójà á wà lẹ́sẹ̀ ẹni, kò sì sẹ́ni tó ń rò ó sí nǹkankan torí ara ti mọ́ ọn láti kékeré. Àwọn ará òkè òkun náà, láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ tiwọn, ibi tí wọ́n fi ààlà sí ló yàtọ̀.

Edward T. Hall, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sínú ìwé lọ́dún 1966 pé láàárín àwọn ará Amẹ́ríkà tóun wò, ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ máa ń fi bíi 45 sẹ̀ǹtímítà sí 120 sílẹ̀, ẹni tó bá wọnú 45 yẹn, ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí ọmọ Òṣogbo bá sún mọ́ òyìnbó kan láti bá a sọ̀rọ̀, onítọ̀hún á fẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, tiwa á tún sún mọ́ ọn, títí wọ́n á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri, inú ò sì bí ẹnì kankan o.

Ẹ wá wo rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ London láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Ibẹ̀ fún pa gan-an, ara ń kan ara, ojú ni wọ́n wá fi ń wá àyè: oníkálukú tẹjú mọ́ fóònù, kò sí ẹ káàárọ̀ kankan. Ó máa ń dun ẹni tí wọ́n tọ́ dáadáa nílé, àmọ́ dídákẹ́ yẹn gan-an ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fúnra wọn.

Ní Mẹ́kà ńkọ́? Àwọn ọkùnrin á ró aṣọ funfun méjì tí wọn ò rán, èrò á máa ti ara wọn yí Kaaba ká lẹ́ẹ̀méje, síbẹ̀ ọkùnrin ò gbọdọ̀ kàn na ọwọ́ sí obìnrin tí kì í ṣe ẹbí ẹ̀.

Aṣọ náà, ibi tí wọ́n bá wà ló ń pàṣẹ. Tí oòrùn bá ràn nílùú òyìnbó, wọ́n á sùn sí pápá pẹ̀lú pátá péńpé, tó bá di Mọ́ńdè, kóòtù ni wọ́n á wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Tí wọ́n bá sì ń sìnkú, dúdú ni púpọ̀ nínú wọn ń wọ̀, kò sí aṣọ ẹbí àti gèlè tó ń dán. Kẹ́ni tó bá lọ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ onílé.

Ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun náà, tó bá wálé fún Iléyá tí àǹtí ẹ̀ fẹ́ dì mọ́ ọn, á sún sẹ́yìn. Ẹ má pè é ní ìgbéraga, ẹ fún un lọ́jọ́ méjì mẹ́ta.